Ìṣó Kan Lára Ògiri Màmá Mi

Fọ́tò mẹ́rin ló yẹ kó wà lára ògiri pálọ̀ màmá mi ní Ṣàgámù, mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́kọ́. Ó wọ aṣọ àwọn tó gboyè jáde ní yunifásítì, ó di ìwé tí wọ́n ká mú gírígírí, àfi bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àwọn àbúrò mi obìnrin méjèèjì ló tẹ̀ lé e, aṣọ kan náà, ìwé kan náà. Mo tiẹ̀ fura pé ìwé ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni wọ́n yá dì mú. Ibi tó yẹ kí tèmi wà, ìṣó ló wà níbẹ̀. Màmá mi ló ní kí káfíńtà kàn án lọ́dún tí mo wọ yunifásítì. Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ láìparí rẹ̀, tí mo sì gba fisa Dubai, kò ní kí wọ́n yọ ọ́. Ó ní ìṣó náà ń dúró dè mí. Àwọn àlejò a máa fi fìlà wọn kọ́ ọ, inú a sì máa bí mi láti òkèèrè.

Kì í ṣe gbogbo fọ́tò ló lè gun orí ìṣó yẹn. Fúlù ni màmá mi ń fẹ́. Ẹni tó bá dàgbà ládùúgbò wa mọ ohun tó ń jẹ́ fúlù: láti orí dé bàtà, ọwọ́ méjèèjì níta, ojú kọ kámẹ́rà gbàgà, eyín nínú ẹnu. Bàbá onífọ́tò tó wà ní òpópónà wa kì í fi èyí ṣeré rárá. Tí o bá fi ọwọ́ kan pamọ́ sẹ́yìn, á jáde látìdí kámẹ́rà rẹ̀, á fa ọwọ́ náà jáde fúnra rẹ̀, á sì bi ọ́ bóyá jàǹbá ọkọ̀ ló gé e ni. Ohun tí Ọlọ́run bá fún èèyàn, ó gbọ́dọ̀ hàn nínú fọ́tò. Ìlànà tirẹ̀ nìyẹn, òun náà sì ni ìlànà màmá mi.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Barsha ni mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Dubai. Yàrá ìfọṣọ ni wọ́n fi mí sí, mò ń lọ aṣọ àwọn àlejò. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wá dojú dé, tí àwọn ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń kọ́ ilé dúró sójú kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe, àwọn àlejò dínkù, àwa náà sì dínkù. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń kó àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì wa ló ránṣẹ́ pè mí, nítorí pé ó ti rí i bí mo ṣe ń lọ aṣọ. Ọmọ Lẹ́bánónì ni, ó ń ya fọ́tò aṣọ fún àwọn magasíìnì. Kí nǹkan tó bàjẹ́, ó ní ẹni tó ń lọ aṣọ, ẹni tó ń tọ́jú bàtà, ẹni tó ń gbé iná àti ẹni tó ń po kọfí. Lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́, èmi ni gbogbo wọn.

Iṣẹ́ náà yà mí lẹ́nu. Mo ti ń wo magasíìnì láti kékeré, mo sì gbà pé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni aṣọ ń bá lára mu jù láyé. Irọ́ gbáà ni. Ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo ni ilé aṣọ máa ń fi ránṣẹ́, ẹni yòówù kó fẹ́ wọ̀ ọ́. Tó bá ti tóbi jù, èmi ni màá dúró sẹ́yìn mọ́dẹ́ẹ̀lì, tí màá fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ fún un mọ́ ọn lára, láti ọrùn títí dé ìdí. Níwájú, ọmọge ni. Lẹ́yìn, okùn ìsáṣọ ni. Bàtà náà ńkọ́? Màá lẹ tẹ́ẹ̀pù mọ́ abẹ́ rẹ̀ kó má bàa họ, nítorí pé a ó dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má rí pẹ́ẹ̀gì, kí ẹnikẹ́ni má rí tẹ́ẹ̀pù, kí ẹnikẹ́ni má sì rí èmi náà.

Ibi tí èmi àti ọ̀gá mi ti máa ń jà ni ọ̀rọ̀ ìdúró. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ jù jẹ́ ọmọ Ukraine kan, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì níwà. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá ti kọjú sí i, á dúró bí ẹni tí inú ń run: èjìká kan sókè, ẹnu yà sílẹ̀, ọwọ́ kan sẹ́yìn, ẹ̀wù já bọ́ lápá kan. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fa ẹ̀wù náà padà sórí èjìká rẹ̀, mo sì ti fa ọwọ́ rẹ̀ jáde.

"Habibti," ọ̀gá mi ní, ìyẹn olólùfẹ́, bó ṣe máa ń pe gbogbo obìnrin, "ta ló ní kí o fọwọ́ kan èjìká yẹn?"

"Ó já bọ́, sà."

"Èmi ni mo já a bọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀ ó tún já a bọ́, mo tún fà á sókè. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ọwọ́ mi ló ń ṣe é. Inú mọ́dẹ́ẹ̀lì náà dùn sí mi ní tirẹ̀, torí pé ẹ̀rọ amúlétutù máa ń jẹ́ kí otútù mú un.

Al Mamzar ni mò ń gbé nígbà náà, létí ibi tí Dubai ti parí tí Sharjah ti bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá kan tí àwa obìnrin mẹ́fà jọ háyà. Bedspace ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe yàrá lo háyà, bẹ́ẹ̀dì lo háyà. Tèmi ni ti òkè, tí imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àjà. Ẹ̀gbọ́n kan láti Lagos ló ń sùn ní ìsàlẹ̀ mi, oníṣòwò tó máa ń ra ọjà ní Deira tó sì ń kó o ránṣẹ́ sílé. Ọjà tí kò bá tíì lọ, ilẹ̀ yàrá wa ló ń sùn sí. Láti ẹnu ọ̀nà dé orí bẹ́ẹ̀dì, páálí là ń gùn kọjá.

Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ni mo ti ń bá màmá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ni ìkíni wa kì í yí padà.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀, mà," ni màá dáhùn, lórí ìdùbúlẹ̀, tí mo gbé ẹsẹ̀ lé ògiri.

"Ohùn rẹ ò jọ ti ẹni tó kúnlẹ̀."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fọ́tò á dé. Màmá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé inú magasíìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti ń bi í pé ojú ewé wo ni mo wà. "Ojoojúmọ́ lò ń dúró ti ẹni tó ń ya fọ́tò," ló ní, "kò wá sí ẹyọ kan tó kàn ọ́?" Lọ́dún yẹn, wọ́n fẹ́ kun ilé nítorí ìdána àbúrò mi. Gbogbo ohun tó wà lára ògiri ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá kun ún tán tí tèmi ò tíì dé, òun á ní kí wọ́n fa ìṣó yẹn yọ, kí wọ́n dí ihò rẹ̀, kí àwọn àna má bàa wá máa wo ìṣó lásán. Kò pariwo nígbà tó ń sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Ọdún kẹta tí mo ti kúrò nílé nìyẹn, kò sì sí àyè mìíràn tí mo ṣì ní nílé wa ju ìṣó yẹn lọ.

Mo bẹ ọ̀gá mi pé kó yà mí. Inú rẹ̀ dùn. Ó tan iná kan ṣoṣo, ó pa ìyókù, ó ní kí n kọjú sí fèrèsé kí n máa ronú nípa ohun tó ń bà mí nínú jẹ́. Ìṣó ni mo ronú nípa rẹ̀. Nígbà tí fọ́tò jáde, ìdajì ojú mi wà nínú òkùnkùn, ó ti gé irun mi kúrò lókè, ó sì ti gé mi kù sí àyà nísàlẹ̀. Ó ní òun ò tíì ya èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn. Mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò mi, kó fi han màmá.

"Ṣé wọ́n ń mú iná lọ ní Dubai náà ni?" màmá mi bi mí.

"Rárá, mà. Bí wọ́n ṣe ń yà á níbí nìyẹn. Áàtì ni."

"Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?"

"Ó gé e kúrò, mà."

"Kí lẹsẹ̀ rẹ ṣe fún un?"

Mo padà lọ bá ọ̀gá mi, mo ṣàlàyé fúlù fún un. Ó ní ìdúró ẹni tí ọlọ́pàá mú nìyẹn. Mo ní ìdúró ẹni tó níyì ni. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán.

Mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin metro lọ sí Deira, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ya fọ́tò fisa. Ará Pakistan tó ni ibẹ̀ mọ fúlù dáadáa, Ọlọ́run bù kún un. Ó tò mí dúró pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì, mo sì rò pé wàhálà ti tán. Àṣé ó kù. Nígbà tó gbé fọ́tò náà dórí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣoore fún mi láìbéèrè. Ó gbé ilé gogoro kan sẹ́yìn mi, ó gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì fọ ojú mi títí mo fi funfun bí ẹ̀kọ. Mo gbé e dé yàrá, ẹ̀gbọ́n tó ń sùn nísàlẹ̀ mi wò ó lọ, wò ó bọ̀.

"Ta rèé?" ó ní.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Khalas, ó tó. Má fi ránṣẹ́ o. Mummy á ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun ni."

Inú wàhálà yìí la wà nígbà tí iṣẹ́ abaya dé. Ilé aṣọ kan ní Sharjah fẹ́ kí ọ̀gá mi ya abaya tuntun wọn fún ọ̀kan nínú àwọn magasíìnì tí kò tíì kógbá sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo lóṣòó sídìí mọ́dẹ́ẹ̀lì, mò ń tún etí abaya ṣe. Pẹ́ẹ̀gì wà lẹ́nu mi, tẹ́ẹ̀pù wà lọ́rùn ọwọ́ mi, ọ̀gá mi sì ń dán iná wò, ó ń tẹ kámẹ́rà lemọ́lemọ́. Ilẹ̀kùn sítúdíò ṣí. Ìyá àgbà kan ló wọlé, ìyá ẹni tó ni ilé aṣọ náà, ó ń tẹ̀ lé ọ̀pá, làálì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dàgbà ju màmá mi lọ dáadáa. Kí n tó ronú, mo ti yí sí apá ibi tó wà, mo ti wà lórí orúnkún mi méjèèjì, ọwọ́ mi méjèèjì lórí itan, mo sì ti tu pẹ́ẹ̀gì dànù.

"Ẹ káàárọ̀, mà," mo ní, ní Yorùbá pọ́ńbélé, mo sì rẹ́rìn-ín tó gba gbogbo ojú mi.

Ìyá náà rò pé mo ṣubú ni. Ó yára wá bá mi, ó di apá mi mú, ó ń sọ Lárúbáwá kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ nílé wa, ẹni tó bá kúnlẹ̀ kò gbọdọ̀ dìde àfi tí àgbà bá ní kó dìde. Mi ò mọ̀ pé ohun tó ń sọ gan-an nìyẹn. Bó ṣe ń fà mí sókè ni mo tún ń wálẹ̀ sí i, kí ó má bàa dà bí ẹni pé mo gbéra ga. Ọ̀gá mi ló wá ṣàlàyé fún un pé ìkíni ni. Ìyá náà ní haram, èèwọ̀ ni, Ọlọ́run nìkan la ń kúnlẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé dàbínù wá, ó sì wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà sítúdíò wa, á kọ́kọ́ na ọ̀pá rẹ̀ sí mi kí n má bàa wálẹ̀.

Magasíìnì náà mú àwọn fọ́tò tí kò ní pẹ́ẹ̀gì nínú, ó tẹ̀ wọ́n, kò pẹ́ sígbà náà lòun náà kógbá sílé. Bí àwọn magasíìnì ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan ni ọ̀gá mi ń di oníṣẹ́ ọnà. Ó ṣa gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti kọ̀ fún un jọ, èyí tí ẹ̀yìn aṣọ hàn nínú rẹ̀, èyí tí mọ́dẹ́ẹ̀lì ti ń jẹ búrẹ́dì, ó tẹ̀ wọ́n kí wọ́n tóbi tó ilẹ̀kùn, ó sì kó wọn lọ sí ilé àfihàn kan ní Sharjah, ilé àtijọ́ tó ní àgbàlá láàárín. Ohun tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ láti máa fi pamọ́ ni àwọn èèyàn wá wọ bàtà tó dáa wá wò. Nínú magasíìnì, àbùkù ni pẹ́ẹ̀gì. Lára ògiri Sharjah, pẹ́ẹ̀gì ti di ọgbọ́n.

Mo lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, mo wọ aṣọ mi tó dáa jù. Mo yà sí yàrá àkọ́kọ́, mo sì rí ara mi. Èmi ni wọ́n gbé sáàárín ògiri, lórí orúnkún, pẹ́ẹ̀gì kan ṣì wà lófuurufú níwájú ẹnu mi. Mọ́dẹ́ẹ̀lì dúró tì mí, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Káàdì kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ "Aṣọ Ni Ọ̀gá" sí. Obìnrin onígíláàsì kan ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé e. Ó ní òṣìṣẹ́ ló ń kúnlẹ̀ fún aṣọ tí kò ní í wọ̀ láyé rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, mà," mo ní. "Kì í ṣe aṣọ ni mò ń kúnlẹ̀ fún. Ìyá kan ni mò ń kí."

Ó wo fọ́tò. "Kò sí ìyá kankan níbẹ̀."

"Ẹnu ọ̀nà ló wà, mà."

Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé àfihàn, ó tún wo fọ́tò, ó wá rọra mi orí. "Ìyá tí kò sí nítòsí," ló sọ fún àwọn tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn sì mí kanlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò lójú rẹ̀. Mo wá ọ̀gá mi lọ, mo ní kó lọ bá mi là á yé wọn.

"Habibti," ó ní, "nínú magasíìnì, èmi ni mò ń sọ ohun tí wọn ó rí: ẹ wo aṣọ, ẹ rà á. Níbí, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń rí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò jùyẹn lọ."

Mo lọ jẹ sambúsà tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àwọn àlejò. Kí n má purọ́, sambúsà yẹn dùn.

Nígbà tí wọ́n palẹ̀ àfihàn mọ́, ọ̀gá mi fún mi ní ẹ̀dà kan nínú fọ́tò tí mo kúnlẹ̀ yẹn, kékeré, tó lè wọ férémù. Ibẹ̀ ni ìrònú mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá àwọn ará Sharjah jà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì mi, àlàyé wọn kò kúrò létí mi mọ́. Ohun tí wọ́n rí ni èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí: òyìnbó kan lórí ìdúró, ọmọ Ṣàgámù kan lórí ìkúnlẹ̀ nídìí aṣọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ń fi mí yangàn fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rù bà mí, mo fi fọ́tò náà sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n inú yàrá wa ló fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Ó ń di ọjà tí ọkọ̀ òfuurufú máa gbé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì lè lọ gba fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà ní Lagos.

"Yalla, ó yá," ó ní. "Mo fẹ́ lẹ páálí yìí pa. Fọ́tò mummy dà? Ṣebí o ní wọ́n ti ń kun ilé?"

Èyí tí ojú mi funfun ń bẹ, èyí tí mi ò lẹ́sẹ̀ ń bẹ, èyí tí mo kúnlẹ̀ ń bẹ. Mo ká èyí tí mo kúnlẹ̀, mo fi ìwé ìròyìn wé e, mo nà án sí i kí ọkàn mi tó yí padà.

Ọjọ́ Ẹtì kan kọjá, èkejì kọjá, mi ò pe ilé, ilé náà ò pè mí. Lọ́jọ́ Ẹtì kẹta, màmá mi ló pè fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà.

"Ẹ káàsán, mà."

Kò bi mí bóyá mo kúnlẹ̀.

"Fọ́tò dé," ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀, mà."

"Ta ni ìyá yẹn?"

"Ìyá wo, mà?"

"Ìyá tí ò ń kí."

Gbogbo àwọn tó dúró wo fọ́tò yẹn ní Sharjah, kò sẹ́ni tó rí ìyá náà nínú wọn.

"Ìyá ẹni tó ni aṣọ ni, mà," mo ní. "Ará Sharjah ni."

"Ó dá ọ lóhùn dáadáa?"

"Ó fún mi ní dàbínù, mà."

"Ó ṣeun. Bá mi kí i. Òyìnbó tó dúró tì ọ́ yẹn ńkọ́, kí ló dé tí kò kí i?"

"Iṣẹ́ ló ń ṣe, mà."

"Wọn ò kọ́ ọmọ yẹn nílé. Pẹ́ẹ̀gì kún ẹ̀yìn ẹ̀." Mo gbọ́ tó gbé fọ́tò náà sún mọ́ ojú. "Fúlù ni. Mo rí ọwọ́ méjèèjì, mo rí ẹsẹ̀ méjèèjì. Eyín nìkan ló pọ̀ jù. Àmọ́ ìṣó yẹn ò dáa níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo ti ní kí káfíńtà kan òmíràn sí ògiri tó kọjú sí àga mi. Bí mo bá ti jókòó láàárọ̀ báyìí, èmi lò ń kí. Ọdún mẹ́ta lo ti ń sọ lórí fóònù pé o kúnlẹ̀. Eléyìí ni mo fojú mi rí."

Mo sunkún, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu kó má bàa gbọ́.

"Ṣé o kúnlẹ̀?" ó ní.

Àjà wà níwájú imú mi. "Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, mà," mo ní. Mo di fóònù mú, mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ilẹ̀ nílẹ̀, páálí ló kún gbogbo ẹ̀. Mo wá èyí tó tẹ́ jù nínú wọn, mo kúnlẹ̀ lé e lórí, ohun tó wà nínú ẹ̀ sì dún woroworo.

"Rọra o," ẹ̀gbọ́n ní láti orí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. "Abọ́ tánganran lo kúnlẹ̀ lé yẹn."

"Mo ti kúnlẹ̀, mà," mo ní.

"Mo gbọ́," ni màmá mi ní.